Àbàtà wa ò ṣófo, ẹ má da yẹ̀pẹ̀ sí i

Wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò pé àwa ará àdúgbò yìí ò fẹ́ ìdàgbàsókè. Ọkùnrin kan ló pè sórí ètò àárọ̀, ó ní àwọn kan wà lápá odò Ọ̀nà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ àti lékeléke ni wọ́n ń gbèjà, pé èèyàn fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì sórí ilẹ̀ tó ti wà lásán láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, wọ́n wá ń pariwo kiri. Olóòtú bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, kí n má purọ́, torí ẹni yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, ẹ mọ̀ pé ẹnu wa ò kú. Ṣùgbọ́n "ilẹ̀ tó wà lásán" yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́, ni mo bá ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kó tó di pé ẹlòmíì bá wa kọ ọ́.

Mi ò ní dárúkọ àdúgbò, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé. Lọ́yà wa ló ní ká ṣọ́ ẹnu. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìsàlẹ̀ Elẹ́yẹlé la wà, níbi tí omi kékeré kan ti ń wọ́ bọ̀ láti òkè, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ di àbàtà kó tó já sínú odò Ọ̀nà. Nínú àwòrán tí wọ́n fi gé púlọ́ọ̀tì àdúgbò yìí nígbà tí àwọn bàbá wa ń ra ilẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n kun ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn lanlọ́ọ̀dù, ó ti gbó, ó ti ń já létí, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Gbogbo ẹni tó ra ilẹ̀ níbí ló rí àwọ̀ ewé yẹn kó tó sanwó.

Ká tó sọ̀rọ̀ òfin, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ewédú ná. Láti Jánúárì lọ sí Mááṣì, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ẹ̀fọ́ di ọ̀wọ́n, tí alátà ń fi ìtì ewédú tín-ín-rín kan gba owó tó yẹ kó ra mẹ́ta, ẹ ti bi ara yín rí pé ibo ni ewédú tí ẹ ń jẹ yẹn ti ń wá? Àkùrọ̀ ni. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ìrèké díẹ̀, àgbàdo tó yọ ṣáájú òjò, gbogbo ẹ̀, ẹ̀bá omi bí irú tiwa yìí ni wọ́n ti ń wá, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá kan wà tá a ń pè ní Ìyá Eléwédú, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àbísọ wọn mọ́ ládùúgbò, ìgbà tí wọ́n wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń ro ibẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé tó nilẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀fọ́ àti owó díẹ̀.

Mo bi Ìyá lọ́jọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì pé kí ló dé tí wọn kì í fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá sóko bíi tàwọn yòókù. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n dúró sáàárín ebè méjì, wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, wọ́n yí i wọlé díẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kòtò ẹsẹ̀ yẹn gbẹ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí dán, omi ń sun láti ẹ̀gbẹ́, ó kọ́kọ́ pupa díẹ̀, ẹrẹ̀ wá sílẹ̀ sísàlẹ̀, ó mọ́ lókè, kòkòrò dúdú kan bíńtín sì ti débẹ̀ tó ń sáré yípo lójú omi, mi ò mọ ibi tó ti wá. Ìyá ní, "Ṣó o ti rí i, ọmọ mi? Òjò ọdún tó kọjá nìyẹn. Ṣé o rò pé ó ti lọ sílé ni?"

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa àbàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó yé mi tó gìgísẹ̀ yẹn. Omi òjò tó bá ti òkè ya wá, tó bá bọ́ síbi tó tẹ́ tó sì kún fún eésún àti kókò, ìrìn rẹ̀ á dẹ̀, ilẹ̀ á mu ú yó, èyí tí ilẹ̀ ò bá lè mu á tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó débi odò. Ìdọ̀tí tó bá kó wá láti ìgboro, ewéko á dá a dúró, ẹrẹ̀ á mú un. Èyí tí ilẹ̀ sì mu yẹn ló ń padà sínú kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga ilé wa kì í gbẹ, bí ọyẹ́ ṣe lè le tó. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn tó wà lókè díẹ̀, lápá ibi tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sétí omi tipẹ́, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn sí, kànga tiwọn ti ń gbẹ tó bá ti di Jánúárì, bohóòlù ni wọ́n ń gbẹ́ báyìí, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń gbẹ́ bohóòlù.

Ìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn o. Tòjò ló le.

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn, kò dìgbà tí ẹnì kan bá ṣàlàyé omíyalé fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa tó gba àárín ìgboro kọjá kún, ó kó ilé, ó kó ọjà, ó kó mọ́tò, àwọn tó bá a lọ lé ní 200. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà nígbà yẹn. Àwọn ìyá wa ṣì ń fi ṣèṣirò ọjọ́ orí ọmọ, wọ́n á ní "èyí, ó ku oṣù kan kí n bí i nígbà omíyalé". Ohun tí àwa ọmọ ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé Ògùnpa ti kún rí kó tó di 1980. Ó kún ní 1960, ó kún ní 1963, ó tún kún ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú ńlá yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá kún, wọ́n á ní ìdọ̀tí tí àwọn èèyàn ń dà sódò ló fà á, òótọ́ sì ni, a ń da ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ibi tí omi ń tẹ́ sí tẹ́lẹ̀, ilé ti wà lórí ẹ̀, odò wá ku tóóró láàárín ògiri, àti ìdọ̀tí àti ẹ̀kún omi, wọ́n jọ ń du ojú ibi tóóró yẹn ni.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n da kọnkéré sí i. Mi ò sọ pé kò dáa, ó ràn wá lọ́wọ́, ìgboro ò bá má ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n omi inú kọnkéré, bí ẹni da omi sórí páànù ló rí, kì í dúró mu nǹkan kan, ńṣe ló ń yára débi tó ń lọ, ẹni tó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ ló máa gbà á.

Ó wá kan apá ọ̀dọ̀ tiwa ní 2011. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Òjò tó rọ̀ láàárín bíi wákàtí mẹ́rin, mílímítà 187.5 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Gómìnà Ajímọ̀bi ò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àlééfà. Afárá Apẹ́tẹ̀ já, àwọn ọmọ Póólì, ìyẹn Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn, tó ń gbé lódìkejì ò lè kọjá, omi wọ Ọgbà Agodi kó ẹranko lọ, àwọn tó kú ju 100 lọ. Ẹni tó bá gbé lápá Elẹ́yẹlé lọ́jọ́ yẹn, ó ní nǹkan tó rí tí kì í sọ. Èmi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo rí. Ẹ jẹ́ n sọ kinní kan ṣá: àdúgbò wa kún, omi wọlé, ó dé orókún ní ilé wa, ó ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, ó ba fíríìjì jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé ilé kankan lọ. Lápá ibi tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sí yẹn, ògiri wó. Omi kan náà, òjò kan náà. Tiwa níbi tó lè tẹ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wó ilé lójú omi káàkiri, àwọn èèyàn sunkún, wọ́n bú gómìnà. Ní 2014 Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kún omi Ìbàdàn, wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n tún gọ́tà ṣe, wọ́n tún ìdídò Elẹ́yẹlé fúnra ẹ̀ ṣe, èyí tí àwọn òyìnbó ti kọ́ láti 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Owó tí ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa máa san ni. Mo wá ń wò ó pé, ẹ̀yin èèyàn mi, a yá owó tó tó báyìí torí kí omi lè rí ọ̀nà gbà, ká wá tún gbé èyí tó kù tí omi ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ibi ìwẹ̀? Ta ló ń ṣe wá?

Ìpàdé tí ilé-iṣẹ́ náà pè, ó yẹ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò ló ti ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri wá, wọ́n pín mít páì àti málíìtì. Àwòrán ẹ̀sítéètì náà jáde: títì tó ń dán, igi ọ̀pẹ òyìnbó, òyìnbó kan àti ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n fi okùn fa ajá kékeré. Ẹ̀gbọ́n kan lẹ́yìn mi ní, "Ará ibo ni wọ́n kọ́ ọ fún?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà wọn, ọmọdékùnrin tó mọ̀wé dáadáa tó sì níwà, ó ṣàlàyé pé àwọn máa da yẹ̀pẹ̀ pupa sí àbàtà náà títí tó fi máa ga bíi ti títì, àwọn máa wá ṣe gọ́tà kọnkéré sí àárín ẹ̀ tí omi á máa gbà lọ sí Ọ̀nà. Ó ní kò sí wàhálà kankan.

Kẹ́ ẹ wá wò ó o, lanlọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Àwọn tó ń ro àkùrọ̀ ò sí nínú ẹ̀, torí pé wọn ò ní ilé. Ìyá Eléwédú wá ṣá, ọmọ wọn tó ń gun ọ̀kadà ló gbé wọn wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó nawọ́, Ìyá nawọ́. Alága kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ò rí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, ó gbà.

Ìyá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gọ́tà tẹ́ ẹ wí yìí, báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Ẹnjiníà ní mítà méjì, Mama.

Ìyá ní mítà ò yé àwọn, kó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n han àwọn. Ó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó sún díẹ̀ sí i. Ìyá dìde, wọ́n rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn lọ kan ògiri ibi tí àwòrán wà, òjìji wọn bo òyìnbó àti ajá ẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, tí òjò bá rọ̀ ní òru, omi tó ń kọjá lóko mi fẹ̀ ju ilé yìí lọ ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó ń rọra lọ ni kì í fi í pa wá. Ẹ̀yin fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú apá yín méjèèjì yìí. Ó dáa. Ta ló ń gbé ní ẹnu gọ́tà náà?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹnjiníà yẹn wo ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá wo aago. Mo ti lọ ìpàdé lóríṣiríṣi láyé mi, mi ò tíì rí ibi tí ìbéèrè kan ti tú ìpàdé ká bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo àdúgbò wà lẹ́yìn wa o. Rárá. Lanlọ́ọ̀dù pín sí méjì. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ ti ṣèlérí pé àwọn máa da ọ̀dà sí títì wa, àwọn máa gbé tàràǹsífọ́mà tuntun wá, ẹni tí ẹrẹ̀ ti ń ba bàtà iléèwé ọmọ ẹ̀ jẹ́ láti ọdún gbọọrọ, tó gbọ́ pé títì ń bọ̀, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Àwọn míì ń ṣírò iye tí ilẹ̀ wọn máa gbówó lórí sí. Ìdílé tó nilẹ̀ gan-an pín, mọ́gàjí kan, ìyẹn olórí ìdílé, fọwọ́ sí i, ẹ̀ka kejì ní ẹnikẹ́ni ò bá àwọn sọ ọ́, wọ́n ti ń pe ara wọn lẹ́jọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tí ò níṣẹ́ ní wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fáwọn, ṣíṣọ́ géètì àti gbígbé búlọ́ọ̀kù. Mo mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo mọ ilé wọn, ebi ń pa wọ́n lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé náà kì í ṣe irọ́. Ìbàdàn ń kún. Látìgbà tí reluwé Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2021, àwọn ará Èkó ń wá ra ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, owó ilé ti gun òkè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ò rí yàrá kan gbà mọ́. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní a nílò ilé, mo gbà. Àmọ́ ilé tí wọ́n fi hàn wá lára ògiri yẹn, kò sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kankan tó lè san owó ẹ̀, kí wọ́n má fi wọ́n bojú. Ìlú yìí sì ní òkè o. Àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó, orí òkè ni wọ́n mú, ẹ wo Màpó, ẹ wo Òkè Ààrẹ, wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún omi àti fún oko. Ṣé àwọn yẹn ò ráyè ni? Ilẹ̀ òkè wà ní ìta ìlú títí di òní, ó kàn jẹ́ pé olówó ẹ̀ mọ iye tó jẹ́, kò ní tà á ní owó ẹrẹ̀. Àbàtà dín owó, ìdí tí wọ́n fi ń lé e kiri nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n máa jẹ lórí ilẹ̀ yìí, nínú ìyàtọ̀ owó yẹn ló wà, ẹni tó bá wá rà á tán ni yóò máa gbọ́n omi ní pálọ̀. Ẹ ṣáà rí Lẹ́kí ní 2023, nígbà tí ìjọba Èkó gbé katapílà wọ àwọn ilé tó wà lójú omi, àwọn ilé tí èèyàn ti ń gbé inú ẹ̀ ni.

Òfin wá ńkọ́? Òfin pọ̀. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ ti ní gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà ní ìkáwọ́ gómìnà, ó ń mú un dání fún gbogbo ará ìlú. Ní 2009 ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà kan tó dìídì dá lórí àbàtà, etí odò àti etí ọ̀sà, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló yẹ kó máa mójú tó o. Nàìjíríà tún wà nínú Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà, ibi 11 ni wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn yẹn nílẹ̀ wa, adágún Chad wà níbẹ̀, Nguru wà níbẹ̀, Oguta wà níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá Ìbàdàn, kò sí ọ̀kankan nílẹ̀ Yorùbá.

Èyí tó ká mi lára jù ni òfin EIA, òfin 1992 tó ní kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀sítéètì tó bá tó hẹ́kítà 50, dandan ni kí wọ́n ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fa àbàtà gbẹ tó tó hẹ́kítà 100, dandan ni. Ẹ wá gbọ́ bí ilé-iṣẹ́ yìí ṣe gbọ́n: wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, "phase one", "phase two", "phase three", kò sí ọ̀kankan tó dé 50, wọ́n wá ní àwọn ò nílò ìwé kankan. Ọgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì. Lọ́yà wa ló wá tọ́ka sí apá kejì òfin náà tó ní ìbáà ṣe iṣẹ́ kékeré, tí ibi tó wà tàbí irú èyí tó jẹ́ bá lè ṣe àyíká ní jàǹbá tó pọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Lórí ìyẹn la kọ̀wé. Ìlànà ẹ̀ sì ni pé tí wọ́n bá ti kọ ìwé àyẹ̀wò náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú wá kà á, kí wọ́n sì sọ tiwọn. Ọjọ́ 21 yẹn la ń dúró dè.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan ò ṣọ́ nǹkan kan rí, mi ò ní tan ara mi jẹ. Ẹ wo etí Elẹ́yẹlé, igbó ọba ni wọ́n pè é, wọ́n gbin igi tíìkì yí omi ká kí ilẹ̀ má baà wọ́ wọnú ẹ̀, ilé wà nínú ẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ o, èèyàn ni ò sí. Ẹ wá wo Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun, àwọn tó fẹ́ gé igi ẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di púlọ́ọ̀tì ò jìnnà sí i nígbà kan. Susanne Wenger, ará Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà àti aborìṣà tí wọ́n jọ ṣe é, wọ́n kọ́ ère, wọ́n kọ́ ojúbọ sínú igbó náà, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ti wà nínú igbó tipẹ́ kí àwọn ìwé yẹn tó dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá àwọn lanlọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa jà díẹ̀, inú ń bí àwọn kan sí mi títí di òní. Ìwé ẹ̀hónú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, "àwa onílé" ló wà lókè ẹ̀, "iye owó ohun ìní wa" wà ní ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àkùrọ̀ nínú ojú ewé mẹ́rin. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, kí wọ́n fi wáyà yí i ká. Mo ní wáyà ta ni? Tẹ́ ẹ bá fi wáyà yí i ká, Ìyá Eléwédú àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ máa kọ́kọ́ lé jáde, lẹ́yìn ìyẹn kò ní sẹ́ni tó máa wà níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí láti rí típà tó bá wọlé. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń ṣe nǹkan ló rọrùn jù láti pè ní ilẹ̀ lásán. Bàbá kan ní mo fẹ́ sọ àdúgbò di oko. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, oko ló bá àdúgbò níbẹ̀.

Típà wá lóòótọ́, kí n tó gbàgbé. Òru ọjọ́ Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa sí etí àbàtà lápá títì. Àwa lanlọ́ọ̀dù àti ọmọ lanlọ́ọ̀dù, a ń sùn. Àwọn obìnrin tó fẹ́ já ẹ̀fọ́ fún ọjà àárọ̀ ló bá wọn níbẹ̀, wọ́n dúró síwájú mọ́tò, wọ́n pè wá lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn fi fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tan iná sí nọ́ńbà típà náà, ó kọ ọ́ sára ọwọ́ pẹ̀lú bírò. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé tí lọ́yà kó lọ. Nígbà tá a tún ìwé ẹ̀hónú kọ lẹ́yìn náà, orúkọ wọn ló ṣáájú, èyí tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. A ti mú ọ̀kan lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi, a ti mú ọ̀kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n fi sítáńpù gbà á.

Ohun tí a ń wá báyìí ni fọ́tò àti fídíò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, láti ìsàlẹ̀ Elẹ́yẹlé títí dé Apẹ́tẹ̀, pàápàá èyí tó bá fi hàn ibi tí omi tẹ́ dé lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo inú fóònù àtijọ́ yín, ẹ wo Facebook yín, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Póólì nígbà yẹn. Ẹ fi èyí tó ní ọjọ́ lára ránṣẹ́, ẹ má gé e, ẹ má kọ nǹkan sí i lórí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi orin ẹ̀mí sí abẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ tó dáa gan-an, omi hàn, ògiri hàn, ṣùgbọ́n ó ti lẹ fọ́tò ara ẹ̀ àti "Happy Birthday to me" mọ́ igun ẹ̀, lọ́yà ní kí la fẹ́ kí òun ṣe sí ìyẹn.